Ojú Mélòó Ni Ìràwọ̀ Yìí Ní?

Bí olùkọ́ ìṣirò bá dé orí ọ̀rọ̀ àwọn ohun olójú púpọ̀, òfin kan wà tí kì í pẹ́ jáde lẹ́nu rẹ̀: ka ṣóńṣó, yọ iye etí kúrò nínú rẹ̀, fi iye ojú kún un, 2 ni yóò kù. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yóò dán an wò lára dáìsì lúdò. Ṣóńṣó rẹ̀ jẹ́ 8, etí rẹ̀ jẹ́ 12, ojú rẹ̀ jẹ́ 6. Bí a bá yọ 12 kúrò nínú 8, tí a sì fi 6 kún un, 2 náà ni. Wọn yóò kọ ọ́ sínú ìwé, wọn yóò fi bírò pupa fàlà sí i nídìí, ẹ̀kọ́ ti parí. Èrò tèmi ni pé ibi tí ó yẹ kí ẹ̀kọ́ náà ti bẹ̀rẹ̀ ni a ti ń parí rẹ̀, olùkọ́ èdè sì ní iṣẹ́ níbẹ̀ tí ó pọ̀ ju èyí tí a rò lọ.

Òǹkàwé lè béèrè pé kí ni ìṣirò ń wá láàárín àwa tí lítíréṣọ̀ jẹ lógún. Ọ̀rọ̀ oríkì ni ó gbé e dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹni tí ó bá ti ka gírámà Yorùbá mọ̀ pé àwọn onímọ̀ èdè wa kì í lo ‘oríkì’ fún ti ìdílé àti ti ìlú nìkan. Wọ́n tún ń lò ó fún gbólóhùn tí ó sọ ohun tí nǹkan jẹ́: oríkì ọ̀rọ̀-orúkọ, oríkì ọ̀rọ̀-ìṣe. Nínú ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, oríkì ni ó ń pinnu iye. Bí a bá yí oríkì ‘ojú’ padà, 2 lè di −6, bẹ́ẹ̀ ni ohun tí ó wà lórí tábìlì kò yí padà rárá.

Kí a kọ́kọ́ fohùn ṣọ̀kan lórí orúkọ. Ojú ni apá tí ó tẹ́ pẹrẹsẹ. Etí ni ìlà tí ojú méjì ti pàdé. Ṣóńṣó ni ibi tí àwọn etí parí sí. Àwọn ará Gíríìkì kò pe ojú ní ojú ní tiwọn. Hedra, ọ̀rọ̀ tí ó wà ní ìdí orúkọ àwọn ohun wọ̀nyí nínú ọ̀pọ̀ èdè Yúróòpù, ìjókòó ni ó túmọ̀ sí, ibi tí nǹkan lè fi ìdí lé. Ojú tiwa ń wo nǹkan láti òde. Ìjókòó tiwọn ń wò ó láti ilẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a fi èyí sọ́kàn, nítorí pé a óò rí ohun kan láìpẹ́ tí ó ní ìjókòó méjìlá tí kò sì lè fi ìkankan nínú wọn jókòó. Ní ti etí, Leonhard Euler, ọmọ Switzerland tí ó kọ òfin tí mo sọ lókè yìí ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ Goldbach nínú lẹ́tà ní oṣù kọkànlá ọdún 1750, ni ó fún un ní orúkọ tirẹ̀. Acies ni ó pè é, ọ̀rọ̀ Látìn fún ibi tí idà ti mú. Ẹni tí ó bá ń ka Bíbélì Yorùbá mọ̀ pé ‘ojú idà’ ni a ń pe ibẹ̀. Bí a bá túmọ̀ Euler ní ọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀, ojú méjì ni à bá ní nínú òfin kan ṣoṣo, a kì bá sì mọ èwo ni èwo.

Bí a bá ní kí gbogbo ojú ohun kan dọ́gba, kí iye ojú tí ó pàdé ní ṣóńṣó kọ̀ọ̀kan jẹ́ bákan náà, tí a kò sì gba kòtò láyè lára rẹ̀, márùn-ún péré ni irú ohun bẹ́ẹ̀ láyé àti lọ́run. Euclid fi wọ́n parí Elements, nínú ìwé kẹtàlá. Olójú mẹ́rin ni èkínní. Olójú mẹ́fà, tí dáìsì jẹ́, ni èkejì. Lẹ́yìn náà ni olójú mẹ́jọ, olójú méjìlá àti olójú ogún. Ẹni tí ó bá kà wọ́n dáadáa yóò ṣàkíyèsí nǹkan. Olójú mẹ́fà ní ṣóńṣó 8. Olójú mẹ́jọ ní ṣóńṣó 6. Etí 12 ni àwọn méjèèjì ní. Olójú méjìlá ní ṣóńṣó 20. Olójú ogún ní ṣóńṣó 12. Etí 30 ni àwọn náà ní. Kì í ṣe kòńgẹ́. Fi àmì sí àárín ojú kọ̀ọ̀kan dáìsì, kí o fi ìlà so àmì gbogbo ojú méjì tí ó bá jọ ní etí kan pọ̀, olójú mẹ́jọ ni yóò jókòó sínú dáìsì náà. Ṣe bẹ́ẹ̀ sí olójú mẹ́jọ, olójú mẹ́fà yóò padà wá, ó kàn kéré sí i ni. Ohun tí ó jẹ́ ojú lára ọ̀kan di ṣóńṣó lára èkejì.

Ó lè kọ́kọ́ wu ènìyàn láti pe irú méjì bẹ́ẹ̀ ní ìbejì. N kò fara mọ́ ọn. Táíwò àti Kẹ́hìndé jọ ara wọn ni a fi ń ṣì wọ́n mọ̀. Dáìsì àti olójú mẹ́jọ kò jọ ara wọn rárá. Pàṣípààrọ̀ ni ó wà láàárín wọn. Ọ̀rọ̀ tí mo fara mọ́ ni ‘ẹnìkejì’. Àwọn àgbà wa gbà pé ẹni tí ó wà láyé ní ẹnìkejì kan lọ́run tí ojú kò rí, tí ó sì bá a ṣe déédéé. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni olójú mẹ́jọ ṣe wà nínú dáìsì kí ẹnikẹ́ni tó fi ìlà fà á jáde. Olójú mẹ́rin nìkan ni ó jẹ́ ẹnìkejì ara rẹ̀, ó kàn dorí kodò ni.

Ọ̀nà kejì tí a lè gbà bí ohun kan láti ara òmíràn ni nínà. Mú ojú kan, kí o máa nà án lọ síwájú láìtẹ̀ ẹ́, bí ẹni ń na pátákó, títí yóò fi tún pàdé àwọn ojú yòókù tí ìwọ náà ń nà. Ohun titun tí ó bá ti ibẹ̀ jáde máa ń jọ ìràwọ̀, òun ni àwọn onímọ̀ fi pe iṣẹ́ náà ní orúkọ tí wọ́n yọ láti inú ọ̀rọ̀ Látìn fún ìràwọ̀. Kì í ṣe gbogbo ohun ni ó gba nínà. Ojú dáìsì tí ó kọjú sí ara wọn kò lè pàdé láéláé, èyí tí ó sì fara kan ara wọn ti pàdé tán. Nítorí náà, a lè na ojú dáìsì títí dé Kánò, ìràwọ̀ kankan kò ní jáde. Ti olójú mẹ́rin kò yàtọ̀. Olójú mẹ́jọ ní ẹyọ kan: bí a bá na ojú rẹ̀, olójú mẹ́rin ńlá méjì tí ó gba inú ara wọn kọjá ni yóò hàn. Johannes Kepler, onímọ̀ ìràwọ̀ ọmọ ilẹ̀ Jámánì, ni ó pè é ní stella octangula. Ohun tí ó dùn mọ́ mi jù níbẹ̀ ni pé ṣóńṣó mẹ́jọ tí ó ní bọ́ sí ibi igun mẹ́jọ tí dáìsì kan ní. Ẹnìkejì olójú mẹ́jọ ti tún yọjú láìjẹ́ pé a pè é.

Olójú méjìlá ni ó ní ọrọ̀ jù fún ohun tí mo ń wí. Ojú rẹ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ onígun márùn-ún. Bí a bá na etí ojú bẹ́ẹ̀ títí wọn yóò fi pàdé, ìràwọ̀ onígun márùn-ún ni yóò dà, irú èyí tí ọmọdé ń fà láìgbé bírò kúrò lórí ìwé. Bí ojú méjèèjìlá bá di ìràwọ̀ báyìí, gbogbo wọn yóò gba inú ara wọn kọjá, òkìtì ẹlẹ́nu ṣóńṣó méjìlá yóò sì hù sára ohun náà. Kepler ṣàlàyé rẹ̀ àti òmíràn tí ó tún gùn jù ú lọ nínú Harmonices Mundi ní 1619. Àwọn oníṣẹ́ ọnà ti rí àwòrán rẹ̀ ṣáájú rẹ̀: ó wà lára ọnà òkúta wẹ́wẹ́ ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì St. Mark ní ìlú Venice láti bí ọ̀rúndún márùn-ún ààbọ̀ sẹ́yìn ó kéré tán, Paolo Uccello ni wọ́n sì ń ka iṣẹ́ náà sí lọ́wọ́. Kepler ni ó kọ́kọ́ rí i gẹ́gẹ́ bí ohun tí ó ní ojú méjìlá.

Ibí yìí ni ìjà wà. Ẹ̀yin tí ẹ bá gbé ìràwọ̀ náà lọ́wọ́, ẹ kò ní rí ojú méjìlá. Ohun tí ẹ óò rí ni òkìtì méjìlá, tí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ onígun mẹ́ta tẹ́ẹ́rẹ́, márùn-ún lára òkìtì kan. Ìyẹn jẹ́ 60. Ta ni ó wá sọ pé méjìlá ni?

Kò sí ìwé ìṣirò tí ó dáhùn ìbéèrè yìí fún ojú lásán bí àwòrán kan tí M. C. Escher, oníṣẹ́ ọnà ọmọ ilẹ̀ Netherlands, ṣe ní 1952. Gravitation ni ó pè é. Ìràwọ̀ Kepler ni ó yà, ṣùgbọ́n ó lu ihò sí ẹ̀gbẹ́ òkìtì kọ̀ọ̀kan, ó sì fi ẹranko kan sínú rẹ̀. Ìjàpá ni. Òkìtì ní ẹ̀gbẹ́ márùn-ún. Orí ìjàpá yọ láti inú ihò kan, ẹsẹ̀ mẹ́rin yọ láti inú mẹ́rin yòókù. Ìjàpá inú àlọ́ wa dá gbé ilé tirẹ̀ sẹ́yìn. Àwọn méjìlá wọ̀nyí ń gbé pọ̀ nínú ilé kan ṣoṣo. Ìjàpá kọ̀ọ̀kan dúró lórí ilẹ̀ tí ó tẹ́ pẹrẹsẹ, ìràwọ̀ onígun márùn-ún kan ṣoṣo sì ni ilẹ̀ náà. Apá márùn-ún ìràwọ̀ yìí hàn síta, ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ àti ọrùn rẹ̀ nà sí. Àárín rẹ̀, ibi tí ìjàpá fi ikùn lé, ti wọnú lọ, ojú ẹnikẹ́ni kò lè tó o. Bí ẹ bá wá wo apá kan lára ilẹ̀ yìí dáadáa, ẹ óò rí i pé ẹ̀gbẹ́ òkìtì aládùúgbò ni. Ilẹ̀ tí ìjàpá yìí fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ni ògiri ilé ìjàpá ọ̀hún.

Nítorí náà, àwọn onígun mẹ́ta 60 tí à ń rí kò parọ́, ìràwọ̀ méjìlá náà kò sì parọ́. Ohun kan náà ni. Ìràwọ̀ 12 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní apá 5 jẹ́ 60. Òkìtì 12 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀gbẹ́ 5 jẹ́ 60. Bí oríkì wa bá sọ pé ‘ojú ni apá pẹrẹsẹ tí a lè rí láti òde’, a ó ka ojú 60. Ṣóńṣó yóò jẹ́ 12 tí ó yọ síta àti 20 tí ó wà ní kòtò, àpapọ̀ 32. Etí yóò jẹ́ 90. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀: 32 − 90 + 60, ó jẹ́ 2, ọkàn Euler balẹ̀. Bí oríkì wa bá sọ pé ‘ojú ni odindi ilẹ̀ tí ó tẹ́, ìbáà gba inú ilẹ̀ mìíràn kọjá’, ojú di 12. Ṣóńṣó jẹ́ 12, nítorí pé àwọn tí ó wà ní kòtò kì í ṣe òpin ìlà kankan mọ́. Ìlà kọjá lára wọn ni. Etí di 30, ìlà gígùn kọ̀ọ̀kan láti ṣóńṣó dé ṣóńṣó, èyí tí oríkì àkọ́kọ́ ti gé sí mẹ́ta mẹ́ta kí ó tó di 90. 12 − 30 + 12. Ó jẹ́ −6.

Ẹ gbé ìràwọ̀ náà kalẹ̀ lórí tábìlì. Kò ní jókòó lórí ìkankan nínú ilẹ̀ méjèèjìlá rẹ̀, nítorí pé òkìtì wà lórí gbogbo wọn. Orí ṣóńṣó mẹ́ta ni yóò dúró lé, bí ìkòkò lórí ààrò mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì, ìjókòó, kò lè ràn wá lọ́wọ́ níbí. Ọ̀rọ̀ Yorùbá lè ràn wá lọ́wọ́ díẹ̀, nítorí pé ojú ní èdè wa kì í ṣe ohun tí a fi ń ríran tàbí tí a ń rí nìkan. À ń sọ ojú ọjà, ojú ọ̀nà, ojú oórì, ojú ogun. Kò sí ẹni tí ó rí odindi ojú ọjà lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn ìsọ̀ ti bo apá kan mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ojú ọjà kan ṣoṣo ni. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá mọ ìyàtọ̀ láàárín ojú tí a rí àti ojú ọjà ti ní irinṣẹ́ tí yóò fi ka ìràwọ̀ Kepler ní ọ̀nà méjèèjì.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé àwọn ọ̀mọ̀wé yanjú ọ̀rọ̀ yìí ní ìrọ̀rùn. Ní 1809, Louis Poinsot ní ilẹ̀ Faransé tún àwọn ìràwọ̀ méjì Kepler ṣe àwárí, ó sì fi méjì mìíràn kún wọn. Kò pẹ́ lẹ́yìn èyí tí Cauchy fi hàn pé kò sí ẹ̀karùn-ún. Mẹ́rin ni wọ́n, bẹ́ẹ̀ ni méjì péré nínú wọn ni ó gbọ́ràn sí Euler lẹ́nu bí a bá fi oríkì kejì kà wọ́n; méjì yòókù fún wa ní −6. Kí ni Ludwig Schläfli, ọ̀kan nínú àwọn ọlọ́gbọ́n ìṣirò ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ṣe sí i? Nínú iṣẹ́ ńlá tí ó parí ní 1852, èyí tí a kò tẹ̀ jáde ní odindi títí di 1901 lẹ́yìn ikú rẹ̀, ó gba méjì wọlé, ó sì ti ìlẹ̀kùn mọ́ méjì síta: èyí tí kò bá fún wa ní 2 kì í ṣe ohun olójú púpọ̀ gidi. Ó yẹ kí a sọ ọ́ fún ìyìn rẹ̀ pé ẹnìkejì ara wọn ni àwọn méjì tí ó lé jáde, nítorí náà kò ya tọkọtaya nípa. Síbẹ̀, ẹ wo ohun tí ó ṣe. Òfin ni ó fi ń yan ẹni tí yóò jẹ́ ọmọ ìlú, ó sì tún ń sọ pé gbogbo ọmọ ìlú ni ó ń pa òfin mọ́.

Imre Lakatos, tí a bí ní ilẹ̀ Hungary ní 1922 tí ó sì kọ́ni ní Lọ́ńdọ̀nù títí ó fi kú ní 1974, fún irú ọgbọ́n yìí ní orúkọ. Ní èdè wa, a lè pè é ní lílé abàmì. Ìwé rẹ̀, Proofs and Refutations, tí ó jáde gẹ́gẹ́ bí ìwé ní 1976, ni mo fẹ́ kí gbogbo olùkọ́ tí ó ń ka ọ̀rọ̀ mi yìí wá rí, olùkọ́ lítíréṣọ̀ gan-an ni mo sì ń bá wí. Eré onísọ̀rọ̀gbèsì ni. Kíláàsì kan ni ibùdó ìtàn. Olùkọ́ kan àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí orúkọ wọn jẹ́ lẹ́tà Gíríìkì ni ẹ̀dá ìtàn. Òfin Euler ni wọ́n ń jà lé lórí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Akẹ́kọ̀ọ́ kan á gbé ìràwọ̀ Kepler dìde, òmíràn á pariwo pé ìyẹn kì í ṣe ohun olójú púpọ̀, wọ́n á wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá oríkì, oríkì lórí oríkì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ ìgbìyànjú láti ti ìlẹ̀kùn mọ́ abàmì titun. Kò sí ìwé tí mo mọ̀ tí ó fi hàn kedere jù ú lọ pé àwọn ènìyàn ni ó ń ṣe oríkì, pé wọ́n ń ṣe é nítorí nǹkan kan, àti pé a lè bi wọ́n léèrè ìdí rẹ̀.

Ohun tí ó mú mi fara mọ́ Poinsot ju Schläfli lọ ni pé −6 kì í ṣe ariwo lásán. Ó ní ìtumọ̀. Kí kafíńtà mú igi mẹ́rin, kí ó fi ṣe férémù fọ́tò, kí ó gé igi náà ní ìdábùú ní igun tí wọ́n ti pàdé. Igi kọ̀ọ̀kan ní ojú 4, àpapọ̀ 16. Ṣóńṣó jẹ́ 16. Etí jẹ́ 32. 16 − 32 + 16 jẹ́ òdo. Kò sí ìràwọ̀ níbẹ̀, kò sí ojú tí ó gba inú ojú kọjá. Ihò tí ó wà láàárín férémù ni ó gba 2 náà lọ. Lhuilier ará Geneva ti rí èyí ní nǹkan bí 1812 sí 1813: ihò kọ̀ọ̀kan ń yọ 2 kúrò. Ihò méjì fún wa ní −2, mẹ́ta ní −4, mẹ́rin ní −6, bí i férémù fèrèsé tí ó ní àyè gíláàsì mẹ́rin. Ohun tí ìràwọ̀ ìjàpá wa ń sọ nìyẹn. Bí a bá lè tú àwọn ilẹ̀ méjèèjìlá náà sílẹ̀ kí wọ́n má gba inú ara wọn kọjá mọ́, ṣùgbọ́n kí etí kọ̀ọ̀kan ṣì so àwọn méjì tí ó ń so tẹ́lẹ̀, ohun oníhò mẹ́rin ni ìbá jẹ́. Schläfli lé àlejò tí ó gbé ìròyìn wá.

Ti olójú ogún ni n óò sáré kọjá, nítorí pé ó lè gba odindi ìwé. Ó sì ti gbà á: ní 1938, Coxeter, Du Val, Flather àti Petrie tẹ The Fifty-Nine Icosahedra jáde, wọ́n ka ohun 59 tí a lè rí nípa nína ojú olójú ogún, tí olójú ogún fúnra rẹ̀ wà lára wọn. 59 yìí dára láti mọ̀, ṣùgbọ́n kí olùkọ́ má sọ ọ́ bí ẹni ń sọ iye òkè tí ó wà ní Ìbàdàn. Orí ìlànà tí J. C. P. Miller gbé kalẹ̀ nípa èyí tí a ó kà àti èyí tí a kò ní kà ni ó dúró lé. Yí ìlànà padà, iye yóò yí padà. Oríkì náà ni.

Mo mọ ohun tí olùkọ́ kan yóò sọ: ìdánwò kò ní béèrè ìràwọ̀, sáà sì kúrú. Òtítọ́ ni ó sọ, n kò sì ní kí ó fi sáà kan ṣe é. Àsìkò méjì ti tó, kí olùkọ́ ìṣirò mú ọ̀kan, kí olùkọ́ Yorùbá mú èkejì. Páálí àti gọ́ọ̀mù ni irinṣẹ́. Kí àwọn ọmọ gé onígun mẹ́ta 60 tí igun rẹ̀ jẹ́ 36°, 72° àti 72°, kí wọ́n lẹ̀ wọ́n ní márùn-ún márùn-ún di òkìtì méjìlá, kí wọ́n wá lẹ òkìtì náà mọ́ ojú olójú méjìlá tí etí rẹ̀ bá ti òkìtì mu. Bí kíláàsì bá ní ogójì ọmọ, kò ju onígun mẹ́ta kan tàbí méjì lọ fún ẹnìkọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn èyí, kí olùkọ́ Yorùbá kọ ìbéèrè kan sójú pátákó, ‘Ojú mélòó ni ó ní?’, kí ó sì jókòó. Kí ó má dáhùn. Ẹni tí ó bá sọ pé 60, kí ó fún ojú ní oríkì. Ẹni tí ó bá sọ pé 12, kí òun náà fún un ní oríkì. Akọ̀wé kíláàsì yóò kọ oríkì méjèèjì sílẹ̀ ní Yorùbá tí ó já gaara, a ó sì rí i bóyá oríkì náà lè dúró bí a bá gbé férémù fọ́tò kò ó lójú. N kò mọ aáyan àròkọ alálàyé tí ó le jù báyìí lọ, tàbí tí ó wúlò jù ú lọ.

Bí a ó bá ṣe é ní Yorùbá, ó di dandan kí a ṣọ́ra fún orúkọ. Pé a lè ṣe é kò sí nínú iyàn: iṣẹ́ àkànṣe ọlọ́dún mẹ́fà Ilé-Ifẹ̀, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1970 lábẹ́ Babs Fafunwa, kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò ní èdè Yorùbá, Ayọ̀ Bámgbóṣé àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì fi hàn nínú ìwé èdè-ìperí wọn ti 1984 bí a ṣe ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ fún ìmọ̀ èdè àti lítíréṣọ̀ láìsọ èdè di yánpọnyánrin. Ewu tí mo rí ni títúmọ̀ orúkọ Gẹ̀ẹ́sì ní wóòró wóòró. Arthur Cayley ni ó fún ìràwọ̀ mẹ́rin náà ní orúkọ tí Gẹ̀ẹ́sì ń lò, ní 1859, ó sì pe ti ìjàpá ní ‘kékeré’ láti yà á sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn tí ó pè ní ‘ńlá’. Bí a bá kọ ‘olójú méjìlá oníràwọ̀ kékeré’, ọmọ yóò rò pé ìràwọ̀ tín-ń-tín ni. Èmi yóò pè é ní ìràwọ̀ ìjàpá títí ẹnìkan yóò fi fún wa ní èyí tí ó sàn jù.

Ẹnìkejì rẹ̀ kò tíì ní orúkọ lọ́dọ̀ mi, ṣùgbọ́n ó rọrùn láti ṣe. Mú olójú ogún tí a fi páálí ṣe. Fi àtàǹpàkò tẹ ojú kọ̀ọ̀kan wọnú títí yóò fi di kòtò onígun mẹ́ta, ogún kòtò lápapọ̀, kí ìjìnlẹ̀ wọn tó èyí tí yóò mú kí ẹ̀gbẹ́ márùn-ún tí ó yí ṣóńṣó kan ká, ní òdì kejì kòtò, tẹ́ pẹrẹsẹ pọ̀ di onígun márùn-ún kan. Onígun márùn-ún méjìlá ni yóò jáde, tí àárín wọn sá pamọ́ sínú bí ikùn ìjàpá. Fi ojú rí i, onígun mẹ́ta 60 ni, ṣóńṣó 32, etí 90, iye kan náà gẹ́lẹ́ pẹ̀lú ìràwọ̀. Kà á bí Poinsot ṣe kà á, 12, 30, 12. Ibi tí ìjàpá kọ̀ọ̀kan dúró sí lórí ìràwọ̀ ni ṣóńṣó kan wà lórí èyí.